Ọ̀gbẹ́ni Tìjání àti Owo Mẹ́rin

Ṣé Ọlọ́hun máa ń gbọ́ àdúà tí ènìyàn fi ìbínú ṣe? Mo ti bi ààfáà wa ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ọjà Ajah. Ó ní kí n máa ṣe sùúrù. Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn sí ohun tí mo bi í, ṣùgbọ́n ààfáà ni, mo dúpẹ́, mo wọ bàtà mi, mo lọ. Títí di òní, mi ò tíì rí ẹni dá mi lóhùn. N ó kàn sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí, kí ẹni tó bá gbọ́n jù mí lọ bá mi wò ó.

Ọ̀rọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Tìjání ni, tísà kíláàsì karùn-ún ní ilé ìwé wa.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ kì í bí òun fúnra rẹ̀ ṣe fẹ́ kí á máa ki òun. Tìjání Apàṣẹ-má-pariwo. Tìjání Ọ̀gá Ìdákẹ́rọ́rọ́. Ọ̀kan ṣoṣo àjànàkú tí kì í jẹ́ kí kíláàsì mì. Kì í ṣe èmi ni mo ṣẹ̀dá oríkì yìí o. Òun ló tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, tó fún ọmọ tó ń darí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ìlà láàárọ̀, tó ní kí ó máa kà á kí òun tó jáde.

Ó ní káàdì kan tó máa ń fi kọ́ ọrùn. Àwòrán rẹ̀ wà lórí rẹ̀, níbi tó ti gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tó ń wo òkè òkun láìwọ bàlúù. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Onímọ̀ Ìṣàkóso Kíláàsì. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Lekki tó fi di onímọ̀. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún un níbẹ̀, ó fi gíláàsì bò ó, ó yọ aago ògiri kíláàsì kúrò, ó gbé ìwé ẹ̀rí kọ́ síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún kò mọ iye aago tó lù mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹni tó lọ sí òtẹ́ẹ̀lì.

Ilé ìwé wa wà lẹ́yìn Thomas Estate, lórí pulọ́ọ̀tì méjì tí bàbá Alhaja Fàrídátù kò rí tà kí wọ́n tó kú. Àbàtà ni ilẹ̀ náà nígbà yẹn; ẹni tó bá wá wò ó, omi á mù ún dé orúnkún, á ní òun ń bọ̀, kò ní padà wá. Alhaja da yanrìn sí i, wọ́n kọ́ ilé ìwé lé e lórí, wọ́n di Ìyá Ilé Ìwé. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló pààlà láàárín kíláàsì karùn-ún àti yàrá tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ Tìjání, etí mi á ti gbọ́ ọ kí ó tó parí.

Ní tèmi, mi ò ní ìwé ẹ̀rí ìṣàkóso kankan. Ọmọ tó bá ń pariwo, mo máa ń rìn lọ dúró tì í ni, n ó sì máa bá iṣẹ́ mi lọ. Èyí tó bá tètè parí iṣẹ́ rẹ̀, n ó ní kí ó ran ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, torí ọwọ́ tó bá dilẹ̀, ẹnu ni í bá a ṣiṣẹ́. Mo mọ orúkọ gbogbo wọn, mo sì mọ ẹni tí kò jẹun wá. Ọgbọ́n mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò tó ohun tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ gba òtẹ́ẹ̀lì.

Níbẹ̀rẹ̀ sáà kejì, Tìjání yọjú sí yàrá mi. Mo ń kọ ìdánrawò àmì ohùn sára bọ́ọ̀dù fún kíláàsì kẹrin.

"Àǹtí Waliyat," ó ní, "ẹ fún mi ní ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tó kúrú. Kó má ju sílébù méjì lọ."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ìṣàkóso."

"Ẹ dákẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ ní kí n dákẹ́?"

"Rárá o. Mo ní kí ẹ máa sọ fún àwọn ọmọ pé 'ẹ dákẹ́'."

Ó rẹ́rìn-ín ẹni tó ń káàánú mi. "Àǹtí, àwọn tísà ayé Nóà ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ nǹkan tí òyìnbó máa gbọ́ tí orí ẹ̀ máa wú, àmọ́ kó jẹ́ tiwa-n-tiwa." Ó wá wo bọ́ọ̀dù mi. "Èyí tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ yẹn ńkọ́? Owo, owo, owo?"

Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ. Mo ní ọwọ́ ni ti ara ènìyàn, rè-mí. Ọ̀wọ̀ ni èyí tí à ń fún àgbà, dò-dò. Ọwọ̀ ni ìgbálẹ̀, rè-dò. Mo fi ọwọ́ gbá tábìlì bí mo ṣe ń pè é. Ojú Tìjání tàn bí ojú ẹni tó rí ọ̀nà àbùjá sí Ajah láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, pátákó kan ti wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀: ONA OWO TI TIJANI. Bó ṣe kọ ọ́ náà nìyẹn, láìsí àmì lókè, láìsí àmì nísàlẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni Tìjání, ẹ fi àmì sí i o. Ẹni tó bá kà á á rò pé iléeṣẹ́ gbájúẹ̀ ni."

"Àǹtí, àmì ohùn yẹn, ẹ̀gún tí wọ́n gbìn sórí ìwé ni. Ẹni tó máa gbọ́ á gbọ́."

Mo tún ní, "Ọwọ́ tí ẹ ń ní kí àwọn ọmọ gbé lérí yẹn náà, kò dáa. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló ń káwọ́ lérí."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa ní òtẹ́ẹ̀lì."

Mo padà sídìí bọ́ọ̀dù mi.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́, torí òtítọ́ náà wà lára ìjọsìn: Ọ̀nà Owo ṣiṣẹ́. Tó bá ní "Ọwọ́," gbogbo ọmọ á káwọ́ lérí, tí ọwọ́ kankan ò sì ní lè já ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní èékánná. Tó bá ní "Ọ̀wọ̀," wọ́n á dìde, obìnrin á kúnlẹ̀, ọkùnrin á tẹ̀ kọdọrọ, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Sà wa." Tó bá ní "Ọwọ̀," ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé á mú ìgbálẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọn kì í sọ Yorùbá nílé rárá, àwọn tó ń pe ìyá wọn ní Mọ́mì tó ń pe ẹ̀bà ní súwálò, wọ́n mọ̀ ọ́n bí orin. Wọn ò mọ ìtumọ̀, ohùn nìkan ni wọ́n mọ̀. Tìjání kò pariwo rí. Ó kàn máa ń dúró gangan bí òpó iná, á sọ ọ̀rọ̀ kan, ọgbọ̀n ọmọ á yí padà.

Owo mẹ́ta ni mo fún un. Ẹ̀kẹrin, òun fúnra rẹ̀ ló wá a.

Ẹ̀kẹrin yìí, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni mo máa ń gbọ́ ọ. Ilẹ̀kùn á kọ́kọ́ tì. Tìjání á wá ká ẹnu róbótó bí ẹni fẹ́ fẹ́ná, á ní wẹ́rẹ́, "Òwò." Ìyẹn náà, dò-dò ni, bíi ti ọ̀wọ̀, ẹnu ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù á ṣí. Kúlà á yọ́ jáde lórí sìmẹ́ǹtì. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Hameedat, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, olórí kíláàsì, á wá máa polówó ní ohùn ìsàlẹ̀: sóbò tútù, ṣínṣín, sóbò tútù.

Alhaja ti fi òfin dè é láti ọdún mẹ́ta pé tísà kankan ò gbọdọ̀ tajà fún ọmọ. Ṣùgbọ́n Tìjání kò pè é ní títà. Ó pè é ní ìwúrí. Ó ya ìràwọ̀ sára ògiri ẹ̀yìn, ó pè é ní Ògiri Ògo. Ọmọ tó bá ra ìgò kan, ìràwọ̀ kan á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Òbí tó bá wá wo ọmọ á rí ìràwọ̀, inú rẹ̀ á dùn, kò mọ̀ pé sóbò ni ọmọ òun ń mu di ọlọ́gbọ́n.

Kí ló dé tí mi ò sọ fún Alhaja? Mo rà á lẹ́ẹ̀kan ni. Oòrùn mú, omi tán nínú ike mi, mo kan pákó, Hameedat na ìgò kan sí mi látojú fèrèsé. Ó dùn. Atalẹ̀ rẹ̀ pé. Láti ọjọ́ náà, mo di ẹni tí eegun há sí lọ́fun: mi ò lè pọ̀ ọ́, mi ò sì lè sọ pé mi ò jẹ ẹja.

Ọ̀rọ̀ wá dójú ọ̀gbagadè nígbà tí ọ̀gá àgbà wa ní òun ń lọ bá ọkọ òun ní Kánádà. Alhaja pe gbogbo wa sí ìpàdé. Wọ́n ní lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn àti ìgbìmọ̀ òbí máa yí ká. Kíláàsì tó bá wà létòlétò jù lọ, tísà ibẹ̀ ló máa di ọ̀gá àgbà.

Tìjání dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

"Alhaja, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ ti rí i."

"A ò tíì rí nǹkan kan," Alhaja dáhùn.

"Ẹ máa rí i. Ohun tí n ó sì kọ́kọ́ ṣe tí mo bá dé ipò ni pé n ó yọ Yorùbá kúrò nínú àtẹ. Ẹ má bínú o, Àǹtí Waliyat, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ń bá jà. Ariwo ni. Lọ́dọ̀ yín ni gbogbo ariwo ilé ìwé yìí ti ń wá. Àwọn ọmọ ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń gbá tábìlì. Ta ló ń rówó san fún ariwo ní Lekki?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alhaja kọ nǹkan sínú ìwé wọn.

Bí wọ́n bá yọ Yorùbá, wọ́n yọ èmi náà nìyẹn. Ẹ lọ wo gbogbo ilé ìwé tó wà láti Ajah títí dé Lekki, ẹ wo pátákó tí wọ́n fi ń wá tísà. Wọ́n ń wá tísà Faransé. Wọ́n ń wá ẹni tó máa kọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin ní kọ̀ǹpútà. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń wá ẹni tó mọ ìyàtọ̀ ọwọ́ sí ọ̀wọ̀.

Mo lọ kírun ọ̀sán nínú yàrá kékeré tí à ń kó ṣọ́ọ̀kì àti tákàdá sí. Nígbà tí mo forí kanlẹ̀, ó yẹ kí n sọ pé Ọlọ́hun, ṣe èyí tó dáa. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ọlọ́hun, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni kí O fi mú un." Mo gbé orí sókè. Ojú tì mí. Mo tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n mi ò pa àdúà náà rẹ́, torí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́.

Ọjọ́bọ̀ dé. Tìjání wọ kóòtù nínú ooru. Ó yá máíkì kan, irú èyí tí wọ́n ń fi kọ́ etí tí ọwọ́ á dilẹ̀, ó sì gbé gbohùngbohùn ńlá kan sóde, ó kọjú rẹ̀ sí títì. Mo bi í pé kí ni tòde ti jẹ́.

"Kí àdúgbò gbọ́," ó ní.

"Kí wọ́n gbọ́ kí ni?"

"Ìdákẹ́rọ́rọ́."

Alhaja wọlé pẹ̀lú ìgbìmọ̀ òbí bí ènìyàn mẹ́jọ. Bàbá Kàsímù ló ṣíwájú wọn, alága àwọn òbí, onílẹ̀ àgbàlagbà tó ta ilẹ̀ tó pọ̀ jù lọ ní agbègbè wa tí kò sì tíì ta ọ̀pá ìtilẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí àwa tísà tó kù wá dúró lẹ́yìn láti kọ́gbọ́n. Mo dúró lábẹ́ Ògiri Ògo. Àwọn ọmọ jókòó nigín-nigín. Ẹ ò ní rí kíláàsì tó tún lẹ́wà jù ú lọ. Mo sọ ọ́ lọ́kàn mi pé, ó tán, Waliyat.

Àṣìṣe tí Tìjání ṣe kò ju ẹyọ kan lọ. Nítorí àwọn àlejò, ó fi imú sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi wo fídíò lórí fóònù rẹ̀, tó ń kọ́ bí òyìnbó ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò burú, ó kàn ń jáde bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Ó ní ẹ káàbọ̀, ó ní ẹ máa wo iṣẹ́ ìyanu, ó ní òun máa fi ọ̀rọ̀ kan péré bọ̀wọ̀ fún yín láti ẹnu ọgbọ̀n ọmọ.

Lẹ́yìn náà ló wá fi imú òyìnbó pe ọ̀rọ̀ Yorùbá.

"Kíláàsì," ó ní. "Owo."

Báwo ni n ó ṣe kọ ọ́ sílẹ̀? Ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lókè, ó fà á wálẹ̀ bí ẹni ń fa ṣòkòtò rẹ̀ wálẹ̀. Ẹnu rẹ̀ sì ká róbótó. Àwọn ọmọ tó ń fetí sí ohùn gbọ́ ọwọ̀. Àwọn tó ń wo ẹnu rí òwò. Ọ̀wọ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni ò gbọ́.

Ìlà ẹ̀gbẹ́ fèrèsé dìde, wọ́n mú ìgbálẹ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Yanrìn ló sì wà lábẹ́ ilé ìwé wa, ẹ rántí; ó máa ń gba ojú sìmẹ́ǹtì jáde. Eruku gbéra, ó kọ́kọ́ kí Alhaja.

Ní apá kejì, Hameedat ti dé kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọ tí kì í ṣiyè méjì ni. Kúlà yọ́ jáde. Àwọn mẹ́rin tò sẹ́yìn rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. Níwọ̀n bí ilẹ̀kùn ti ṣí, ó rò pé òfin ohùn ìsàlẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀.

"Sóbò tútù rè é o! Ṣínṣín rè é! Ẹ rà á, kẹ́ ẹ lógo!"

"Kí lèyí?" Alhaja bi Tìjání, wọ́n ń fi ìborùn bo imú.

"Ìmọ́tótó ni, Alhaja! Ìmọ́tótó ló ṣáájú!" Òógùn ti bọ́ sábẹ́ kóòtù. Ó fa máíkì súnmọ́ ẹnu. "Kíláàsì! Owo!"

Imú òyìnbó náà ló tún fi pè é. Àwọn tó ń gbálẹ̀ rò pé wọn ò gbálẹ̀ tó, wọ́n fi kún un. Àwọn tó ń tajà rò pé wọn ò polówó tó. Ọmọ kan gbé ṣínṣín lé orí, ó ń kiri láàárín àwọn òbí.

Bàbá Kàsímù fi ọ̀pá dá Hameedat dúró. "Ìyá mi, wá. Kí lò ń tà?"

"Sóbò ni, sà. Èyí tó pupa, tòní ni. Èyí tó dúdú díẹ̀ yẹn, ẹ má ra ìyẹn."

"Kí ló ṣe é?"

"Tọjọ́ Ajé ni. Sà ní ká kọ́kọ́ tà á."

"Sà wo?"

Ọmọ náà wò wọ́n bí ẹni tó bi í pé oòrùn wo. Ó nawọ́ sí Tìjání. "Sà wa."

"Àwé, o ní mo máa lógo. Ògo wo nìyẹn?"

"A máa kọ orúkọ yín sára Ògiri Ògo, sà. Ìgò kan, ìràwọ̀ kan. Tẹ́ ẹ bá ra mẹ́wàá, ẹ máa di ọmọ tó gbọ́n jù."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá a," Bàbá Kàsímù ní. Wọ́n gba ìgò kan, wọ́n ṣí i, wọ́n mu ún.

Gbogbo ojú wá yí sí ògiri tí mo dúró sí. Mo yẹra. Alhaja súnmọ́ ọn, wọ́n wọ dígí wọn. Wọ́n kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọmọ-ọmọ wọn, Ràhímátù, wà ní kíláàsì náà. Òun ló ń gba ipò kìíní láti ìgbà tó ti wọ ilé ìwé. Orúkọ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ fínnífínní bí àwo tí ajá lá.

"Ràhímátù," Alhaja pè é. "Kí ló dé tí ìwọ ò ní ìràwọ̀ kankan?"

Ràhímátù gbé ìgbálẹ̀ dúró. "Màmá àgbà, ẹ̀yin lẹ ní mi ò gbọdọ̀ mu nǹkan tútù."

Kíláàsì pa rọ́rọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni ìdákẹ́rọ́rọ́ tí Tìjání ṣèlérí dé. Àní mo gbọ́ ọ nínú gbohùngbohùn lóde.

Bí ó bá ti panu dé nígbà yẹn, bóyá ì bá ṣì rí nǹkan kan gbé jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń fi ọ̀rọ̀ kan jẹun kò ní ọ̀rọ̀ kejì. Ó ju imú òyìnbó nù, ó padà sí ohùn tí ìyá rẹ̀ bí i mọ́. Ó fẹ́ pe ọ̀wọ̀. Ọ̀wọ̀ tòótọ́, dò-dò. Ìbẹ̀rù ló gbé ohùn náà mọ́ ọn lọ́wọ́, tó sá lọ sókè.

"Ọwọ́!" ó kígbe. "Mo ní ọwọ́!"

Kò sí ọmọ kan tó ṣàìgbọràn. Ó yẹ kí n sọ ìyẹn fún wọn. Ọgbọ̀n ọmọ káwọ́ lérí lẹ́ẹ̀kan náà, tìgbálẹ̀-tìgbálẹ̀, tìgò-tìgò, tí sóbò ń ṣàn gba etí Hameedat wálẹ̀ tí kò sì mì. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n dijú mọ́ eruku, wọ́n ń wo tísà wọn láti abẹ́ ìpéǹpéjú.

Bàbá Kàsímù wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Wọ́n rọra gbé ìgò wọn sílẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ," wọ́n ní, "ta ló kú?"

Lóde, ẹ̀rín ńlá kan bú. Gbogbo rẹ̀ ni máíkì ti gbé jáde, láti orí sóbò ọjọ́ Ajé títí dórí nǹkan tútù. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti dúró sẹ́nu géètì. Àwọn ìyá tó wá gbé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ti jókòó. Ẹnì kan ń béèrè pé ṣé sóbò náà ṣì kù.

Ọ̀gbẹ́ni Tìjání, Apàṣẹ-má-pariwo, gbé ọwọ́ méjèèjì, ó ká a lérí. Tirẹ̀ kì í ṣe àṣẹ.

Wọn ò fi mí jọ̀gá àgbà, kí ẹ má lọ máa bá mi yọ̀. Àǹtí Ìrètí ni wọ́n fún, tísà kíláàsì kejì, obìnrin kan tí ó máa ń kúnlẹ̀ dé ibi tí ọmọ jókòó sí kí ó tó bá a wí. Ó ti lo ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ wa tí a ò gbọ́ igbe rẹ̀. Yorùbá dúró sínú àtẹ. Alhaja tiẹ̀ ní kí n fi àmì ohùn kún un dáadáa, torí àwọn ti rí ohun tó lè ṣe.

Ọ̀sẹ̀ kan àti ọjọ́ kan péré ni, láti orí ẹní mi dé ọjọ́bọ̀ yẹn. Mo kà á. Ọdún kẹfà rè é tí mo ti ń bẹ Ọlọ́hun kan náà, lórí ẹní kan náà, nípa ẹsẹ̀ ìyá mi tí kò gbé wọn mọ́. Mo fi omijé bẹ̀ Ẹ́, mo gbààwẹ̀, mo fi ìfẹ́ ṣe é. Ẹsẹ̀ ṣì wà lórí ìrọ̀rí. Èyí tí mo fi ìbínú sọ, tí kò gùn ju ìlà kan lọ, ìyẹn ni kò dọ́jọ́ kẹsàn-án. Mo ṣì ń kírun. Ṣùgbọ́n nígbà míì tí mo bá forí kanlẹ̀, mo máa ń kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó wà níwájú ilẹ̀kùn tí kò mọ èyí tí wọ́n máa ṣí.

Lọ́jọ́ kejì ìbẹ̀wò náà, lẹ́yìn Jímọ̀, mo ń mákì ìwé àwọn ọmọ nígbà tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Tìjání ni. Kò wọ káàdì ọrùn. Àyè tí káàdì náà máa ń wà lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ ju ìyókù lọ.

"Àǹtí Waliyat, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ wọlé, Ọ̀gbẹ́ni Tìjání."

Kò wọlé. "Alhaja ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ní ọjọ́ yẹn ni àwọn máa sọ fún mi bóyá kí n máa bọ̀ ni àbí kí n máa lọ."

"Ọlọ́hun á ṣe é ní rere."

"Torí ẹ̀ ni mo ṣe wá." Ó wo ilẹ̀. "Gbogbo ilé ìwé ló ń sọ ọ́ pé ẹ kì í fi ìrun jáfara. Wọ́n ní àdúà yín máa ń tètè gbà."

Bírò bọ́ lọ́wọ́ mi. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n kàn ń sọ ọ́ ni." Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ bébà kékeré kan, ó wá wọlé, ó tẹ́ ẹ síwájú mi lórí ìwé àwọn ọmọ. Ó ti fi lẹ́tà ńlá-ńlá kọ ọ́: OLOHUN GBA MI. Kò sí àmì lókè, kò sí àmì nísàlẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá Ọlọ́hun ló ń ké pè ni àbí olóhùn kan tó ń sọ̀rọ̀ lórí máíkì.

"Ẹ bá mi gbé e dé iwájú Rẹ̀," Tìjání ní. Ó gbé bírò mi nílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi. "Àmọ́, Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó gbé e lọ, ẹ bá mi fi àmì sí i. Mo fẹ́ kí Ó gbà mí ni. Mi ò fẹ́ kí Ó gbá mi."